Bí Sáfà Ilé Ìtajà Sìmẹ́ńtì Kan Ṣe Dákú Ní Iléṣà

Ilé ìtajà náà kò jìnnà sí ọjà Àtákúnmọ́sà. Sìmẹ́ńtì, irin, páànù, ìṣó àti ọ̀dà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n sì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá kejì ìlú. Ó ti pẹ́ tí màmá tó ni òwò náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Onísìmẹ́ńtì, ti pa ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ gbèsè tì. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí: ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, owó tó wà nílẹ̀, àti èyí tó ṣe kókó jù, orúkọ àwọn kọngilá àti bíríkìlà tó ń gbé ọjà láwìn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níwájú, sáfà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó òfìfo àpò sí. Inú sáfà yẹn ni àkọsílẹ̀ ń gbé. Àwọn tó wà níwájú kàn ń bi í léèrè ni.

Díìsìkì mẹ́rin, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ló wà nínú rẹ̀, 2 TB ni àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan (1 TB jẹ́ 1,000 GB), wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí à ń pè ní RAID 5. Ẹni tó tà á fún Màmá sọ fún wọn pé bí díìsìkì kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó fò dá ni pé tí díìsìkì bá kú tí iṣẹ́ kò sì dúró, ó yẹ kí ẹnìkan wà tó máa mọ̀ pé nǹkan ti kú.

Èmi ni wọ́n padà pè láti gba àkọsílẹ̀ náà là, bí mo sì ṣe ṣàlàyé RAID 5 fún Màmá lórí ẹ̀rọ ìṣirò wọn nìyí. Ká ní a kọ 40, 25 àti 10 sórí ìwé mẹ́ta, a wá kọ àròpọ̀ wọn, 75, sórí ìwé kẹrin. Bí ìwé kan bá sọnù, àwọn tó kù yóò sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ fún wa, ìyọkúrò lásán ni. Bí méjì bá sọnù, kò sí ìṣirò tó lè dá wọn padà. Irú àròpọ̀ tí sáfà ń ṣe yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ó sì ń pín in káàkiri díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò kó kó o jọ sórí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n òye kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí 2 TB lọ́nà mẹ́rin fi jẹ́ 6 TB péré lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California ní Berkeley ló gbé ètò RAID kalẹ̀ nínú ìwé kan lọ́dún 1988, nígbà tí wọ́n ń wá bí ọ̀pọ̀ díìsìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ṣe lè rọ́pò ńlá kan tó wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ láìfi bò pé bí díìsìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò ṣe máa yá sí kí ọ̀kan nínú wọn kú.

Nígbà òjò ni díìsìkì kẹta kú. Ọjọ́ náà wà lákọsílẹ̀, nítorí pé káàdì RAID, ohun tó ń darí àwọn díìsìkì náà nínú sáfà, máa ń kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ èyí náà kedere. Iná kékeré tó wà níwájú díìsìkì náà kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ọsàn. Káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ké tín-ín, tín-ín, tọ̀sán-tòru, títí ariwo náà fi sú àwọn ọmọ tó ń tajà. Wọ́n pe ẹni tó ta sáfà lórí fóònù. Ó bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, ó ní òun yóò yà wá wò ó. Kò yà, kò sì sí ẹni tó tún rán an létí.

N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Nínú gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n sọ fún pé wíwo iná yẹn jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ yàrá náà rí i lójoojúmọ́, ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni. Láti ọjọ́ tí iná yẹn ti yí àwọ̀ padà ni ohun tí Màmá rò pé ó ń dáàbò bo òun ti burú ju díìsìkì kan ṣoṣo lọ, nítorí pé díìsìkì mẹ́ta ló kù, bí èyíkéyìí nínú wọn bá sì tún kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. UPS wà lábẹ́ tábìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ ti gbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé sáfà ró títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbéra. Láàárọ̀ Sátidé, tí àwọn kọngilá ti ń tò níwájú káńtà, sáfà kò ṣí. Ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé díìsìkì méjì ti kúrò nínú ẹgbẹ́.

Wọ́n pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó wà nítòsí. Ọkùnrin náà fẹ́ ran wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sáfà kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nù wọ́n, ó dá wọn padà láìkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀. Ó wá wọ inú ètò káàdì RAID, ó rí ibi tí wọ́n kọ "Initialize" sí, ó sì gbà pé ohun tí yóò jí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Káàdì béèrè bóyá ó dá a lójú, pé ohun gbogbo tó wà lórí àwọn díìsìkì yóò parẹ́. Akọ̀wé owó, ọmọbìnrin kan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ka ọ̀rọ̀ náà sókè.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ó ní gbogbo ẹ̀ á parẹ́."

"Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká pe Màmá ná, sà."

Màmá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo ohun tí a rí gbà padà lẹ́yìn náà, ọlá ọmọbìnrin yẹn ni.

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ọ̀nà kò jìn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìmọ̀ràn ti kún ilẹ̀. Ẹnìkan ti ní kí wọ́n gbé àwọn díìsìkì sínú fírísà mọ́jú, ìmọ̀ràn àtijọ́ tí kò tíì kú tán. Nínú díìsìkì, àwo ń yí nígbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ ní àlàfo tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fífẹ̀ irun orí. Ẹni tó bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láti inú fírísà, tí omi gbá sí i lára, tó wá tàn án, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ohun tó kù.

A kì í ṣe ìwádìí lórí díìsìkì tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀dà rẹ̀ là ń wádìí. Mo kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà, mo so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ka SMART wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí díìsìkì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀. Díìsìkì kejì àti ìkẹrin kò ní ẹ̀sùn. Díìsìkì kìíní ti ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò ṣeé kà mọ́, òun ló ṣubú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Díìsìkì kẹta tó ti kú látìgbà òjò ńkọ́? Ó jí. Ó dáhùn, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n ka òun. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyí. Díìsìkì lè kùnà láti dáhùn lákòókò tí káàdì fún un, káàdì á lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá wo ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé kẹ́yìn sórí rẹ̀ á yọ̀, á ní mẹ́ta ti pé, á sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Àmọ́ ọjà ìgbà òjò ló wà lórí rẹ̀, ti ọyẹ́ ló wà lórí àwọn yòókù. Bí a bá fi àròpọ̀ àtijọ́ yọ nọ́ńbà tuntun, ohun tí yóò jáde kò ní jọ ìṣirò ẹnikẹ́ni. Mo kọ "ÀTIJỌ́" gàdàgbà sára rẹ̀, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ ddrescue ni mo fi ṣe ẹ̀dà díìsìkì kìíní. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó máa ń kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn, ó máa ń fo ibi tó bá ti le, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tó ti fò, kó lè padà síbẹ̀ nígbà tí èyí tó pọ̀ jù bá ti wà lọ́wọ́. Díìsìkì tó ń kú lọ lè má ní ju ẹ̀ẹ̀kan péré tí yóò fi jẹ́ kí wọ́n ka òun. Ibi tó dára ló yẹ ká fi ẹ̀ẹ̀kan yẹn kó. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tó parí, ibi tí kò rí kà kéré gan-an lójú 2 TB. A ṣe ẹ̀dà ìkejì àti ìkẹrin náà. Ti pé wọ́n ti da ipò wọn rú kò dà wá láàmú púpọ̀, nítorí pé káàdì máa ń kọ ipò díìsìkì kọ̀ọ̀kan sórí díìsìkì fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀dà mẹ́ta yìí, a tún àkójọpọ̀ náà kọ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, láìkọ nǹkan kan sí i, a sì rí fáìlì.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí ni mo ti béèrè bákàpù, ìyẹn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí à ń tọ́jú de ọjọ́ ìṣòro. Akọ̀wé ní ó wà, pé alaalẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, alaalẹ́ ló ń ṣe é, sínú àyè kan tí wọ́n ń pè ní D. Àyè D náà sì wà lórí díìsìkì mẹ́rin kan náà. Orúkọ ló yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ, ohun tó gbé méjèèjì dúró kò yàtọ̀. Díìsìkì àsomọ́ra kan tún wà nínú dúrọ́ọ̀, èyí tó yẹ kí ẹ̀dà D máa lọ sórí rẹ̀. Ó ti kún láti ohun tó lé lọ́dún kan. Lójoojúmọ́ ni ètò náà ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan pé òun kò rí àyè, kò sì sí ẹni tó ṣí fáìlì yẹn rí.

Ẹ wò ó, iná àwọ̀ ọsàn sọ̀rọ̀, ariwo káàdì sọ̀rọ̀, SMART sọ̀rọ̀, fáìlì bákàpù náà sọ̀rọ̀. Owó tí Màmá ná sórí ẹ̀rọ kò kéré. Etí ni wọn kò rà.

Àkọsílẹ̀ ọjà padà pátápátá. Ti àwìn ló ní àpá: ibi díẹ̀ tí ddrescue kò rí kà bọ́ sí àárín rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ kò pé. Akọ̀wé kó àwọn ẹ̀dà rìsíìtì tó ní kábọ̀n jáde, òun àti ọmọ ilé ìkẹ́rùsí sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tí rìsíìtì wọn kò sí. Ìjẹ̀ṣà mọ òwò àwìn ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Àwọn baba wọn tó ń gbé aṣọ kiri ìlú láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló gan-an mọ iye tó ń bá lọ. Màmá pe àwọn oníbàárà náà, wọ́n bi wọ́n pé mélòó ló kù lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn sọ òótọ́. Kọngilá méjì ní àwọn ti san tán, Màmá kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi já wọn nírọ́.

Ìbéèrè tí Màmá tẹnu mọ́ jù ni pé báwo ni méjì ṣe máa kú nínú ọdún kan. Ó rí lára wọn bí iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti jọ ń yí láti ìgbà náà, nínú ooru kan náà, lábẹ́ iná kan náà. Lọ́dún 2007, Bianca Schroeder àti Garth Gibson, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ti 1988, tẹ ìwádìí jáde lórí nǹkan bíi 100,000 díìsìkì. Àwọn tó ṣe díìsìkì ń fi yé ènìyàn pé kò ní tó 1 nínú 100 tí yóò bàjẹ́ lọ́dún. Ohun tí ìwádìí rí ni pé 2 sí 4 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, ibì kan sì tó 13. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ọ̀kan, òmíràn kì í jìnnà bí ènìyàn ṣe máa rò. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ Google tẹ tiwọn jáde: díìsìkì tó bá ti ní àléébù kíkà àkọ́kọ́ fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí kò ní lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i bákan náà pé ó ju ìdajì àwọn tó kú lọ tí kò fi àmì pàtàkì kankan hàn nínú SMART. Nítorí náà ẹni tó bá fọkàn tán SMART nìkan ti fọkàn tán ẹlẹ́rìí tí kì í wá sílé ẹjọ́ lójoojúmọ́.

Eruku sìmẹ́ńtì ńkọ́? Gbogbo àlejò ló ní òun ló fà á. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré tí díìsìkì fi ń mí ní àsẹ́, eruku kì í wọ ibi àwo. Fáànù sáfà ni eruku ń dí. Ooru pàápàá, ìwádìí Google kò rí i pé ó ń pa díìsìkì tó bí a ṣe ń sọ, àyàfi tó bá pọ̀ gan-an. A ṣáà kó òfìfo àpò kúrò, a sì gbé sáfà lọ sí ọ́fíìsì Màmá, kì í ṣe nítorí eruku nìkan, bí kò ṣe pé Màmá ń rí iná rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ tún un tò, mo wo iye àyè tí wọ́n ń lò. Kò tó 300 GB. Ẹni tó tà á fún wọn ta 6 TB fún iṣẹ́ tí kò kún igun kan, wọ́n sì tìtorí àyè náà yan RAID 5. Díìsìkì méjì tó ń kọ ohun kan náà, ìyẹn RAID 1, ni mo fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kẹta tó ń dúró de ọjọ́ ìṣòro. Wọn kò wá láti orí igbá kan náà, a ṣa wọ́n ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. SSD tó ní ohun tó ń fa iná pamọ́ fún ìgbà tí iná bá já ni wọ́n. SSD kò ní àwo tó ń yí, ṣùgbọ́n òun náà ń gbó, ó sì lè kú lójijì láìfi àmì kankan hàn, nítorí náà kò dín ohun kan kù nínú ètò bákàpù. UPS gba bátìrì tuntun, a sì so wáyà rẹ̀ mọ́ sáfà kó lè pa ara rẹ̀ dáadáa bí iná bá pẹ́. Lóṣooṣù, káàdì ń ka gbogbo orí díìsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ibi tó ti bàjẹ́ má fara pamọ́ títí di ọjọ́ tí a nílò rẹ̀.

Lórí bákàpù, ìlànà tí fọ́tógíráfà ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, sọ di mímọ̀ ni a tẹ̀ lé: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ 2, kí 1 jìnnà sílé. Ẹ̀dà kan ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí lálẹ́. Díìsìkì àsomọ́ra méjì ń gba ipò ara wọn, ọ̀kan máa ń bá Màmá lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kan á wà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ a kì í fi í so mọ́ sáfà mọ́jú, nítorí kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kì í ya èyí tó bá rí sọ́tọ̀. Ẹ̀dà tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ba Màmá lẹ́rù nítorí owó dátà, títí a fi fún àkọsílẹ̀ náà pọ̀, tí wọ́n rí i pé kò tó 200 MB. A tì í pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kó tó jáde, a sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sórí bébà sínú sééfù, nítorí bákàpù tí kò sẹ́ni tó lè ṣí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Àwọn díìsìkì àtijọ́, ẹnìkan ti fẹ́ rà wọ́n. Mo ní kí wọ́n má tà wọ́n. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn oníbàárà wà lórí wọn, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì de ẹni tó ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Welda ló lu wọ́n níhò.

Akọ̀wé ni wọ́n fi iṣẹ́ wíwo náà lé lọ́wọ́, wọ́n sì fi owó kún owó oṣù rẹ̀, èyí tí mo ka sí apá tó dára jù nínú gbogbo àtúntò náà. Ìkìlọ̀ káàdì àti ti bákàpù ń wọ orí fóònù rẹ̀ àti ti Màmá. Bí kò bá sí ìkìlọ̀, ó ṣì gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ kan láàárọ̀ tó sọ pé bákàpù àná wọlé, iye rẹ̀ báyìí. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá dé, òun náà ìkìlọ̀ ni. Lóṣù-lóṣù, ó ń dá ẹ̀dà kan padà sórí kọ̀ǹpútà tó dá wà, ó ń tẹ orúkọ àwọn onígbèsè jáde, ó sì ń fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ti sáfà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, àpapọ̀ kò bá ara mu. Ọjà ọjọ́ kan ni kò sí nínú ẹ̀dà náà. A wá a títí, a rí i pé aago tí bákàpù ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ilé ìkẹ́rùsí ń kó ìwé ọjà ìrọ̀lẹ́ wọlé. A sún un sí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó bá ara mu dé orí kọ́bọ̀.